Olùkọ́ Tó Tún Di Ọmọ Iṣẹ́: Ìtàn Ẹbu Ìkòkò Suleja

Bí ẹ bá mú owó ogún náírà, tí ẹ sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ ó rí obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò. Dókítà Ladi Kwali ni obìnrin náà. Ọmọ Gbagyi ni, àwọn tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní Gwari, ìlú Kwali tí wọ́n sì ti bí i kò jìnnà sí ibi tí àwa ọmọ Yorùbá agbègbè Àbújá àti Suleja fi ṣe ilé. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi pe gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Sheraton tẹ́lẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó, tí a sì ti náwó fún àwọn eléré. A ń ná owó tó ní àwòrán rẹ̀, a ń jó nínú gbọ̀ngàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bi wá léèrè pé ta ni obìnrin yìí, ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wa máa fún un kò ní kún ẹnu.

Ìtàn Ladi kò ṣe é sọ láìdárúkọ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Michael Cardew. Òun ni àwọn ìwé ń pè ní olùkọ́ rẹ̀. A ò jiyàn pé olùkọ́ ni. Ìjọba ló gbà á síṣẹ́ náà, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú ìtàn náà wò fínnífínní, ohun tí a rí ni pé iṣẹ́ olùkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ọkùnrin yìí, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà, láàárín àwọn obìnrin amọ̀kòkò, ló ti rí ìfẹ́ náà padà. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí nìyẹn.

Ọdún 1901 ni wọ́n bí Cardew, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Yunifásítì Oxford ló lọ. Èdè àti ìwé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ló kọ́ níbẹ̀, irú ẹ̀kọ́ tí òbí ń retí pé kó sọ ọmọ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba. Amọ̀ ló wu òun ní tirẹ̀. Ní 1923, ó lọ sí ìlú St Ives lọ́dọ̀ Bernard Leach, ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò ní ilẹ̀ Japan, ó sì ṣe ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tó di 1926, ó gba ẹbu àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì ní Winchcombe. Ó pe bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, Elijah Comfort, padà sídìí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì jọ ń mọ ohun èlò tí àwọn mẹ̀kúnnù lè rà: abọ́, ìkòkò oúnjẹ, àti àwọn ìkòkò ọtí. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun dúró sórí pẹpẹ kí àlejò máa wò ó. Ó fẹ́ kí wọ́n fi jẹ, kí wọ́n fi mu, kó fọ́ nígbà tó bá máa fọ́, kí wọ́n wá ra òmíràn.

Àtijẹ kò rọrùn nínú iṣẹ́ yìí. Ó gbé Mariel níyàwó ní 1933, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Ní 1939, ó kó lọ sí Wenford Bridge ní ìgbèríko Cornwall láti dá ẹbu mìíràn sílẹ̀, ogun Hitler sì bẹ́ ní ọdún yẹn gan-an. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta kò lè máa jẹ amọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ olówó oṣù yọjú ní 1942, pé kó wá máa bójú tó iṣẹ́ ìkòkò ní Achimota College ní Gold Coast, ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, ó gbà.

Harry Davis ló wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Ogun kò jẹ́ kí ọkọ̀ òkun máa kó ẹrù wá láti Ìlú Ọba bíi ti tẹ́lẹ̀, ìjọba sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ìkòkò kékeré yẹn di ilé iṣẹ́ ńlá tí yóò máa ṣe amọ̀ ìbolé àti abọ́ tí wọ́n fi ń gbe oje rọ́bà. Wọ́n dá a sílẹ̀ sí Alajo, nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Kò yọrí sí rere. Iléru kò gbọ́ràn, ohun tí wọ́n sun ń fọ́, gbèsè ń gorí gbèsè. Ọkùnrin tó jẹ́ pé amọ̀ ló tìtorí rẹ̀ fi Oxford sílẹ̀ wá di ẹni tó ń kọ lẹ́tà lówùúrọ̀, tó ń ṣírò owó lọ́sàn-án, tó sì ń bá iléru jà lóru. Bí ogun ti parí ní 1945 ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Àwọn tíṣà tó wà láàárín wa mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ọnà nítorí pé ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wá di olùkọ́, lè lo ogún ọdún nídìí máàkì, rẹ́jísítà àti ìpàdé, kó tó bojú wẹ̀yìn kó sì rí i pé òun kò tíì fọwọ́ kan amọ̀ tàbí bọ́rọ́ọ̀ṣì fún ara òun láti ìgbà tí òun ti gbéyàwó. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń sún un síwájú di ọ̀la ni.

Ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé Cardew máa ṣe ni kó wọkọ̀ padà sílé lọ bá ìyàwó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Vume, abúlé kan létí odò Volta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé, ó sì dá ẹbu kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sí ọ̀gá, kò sí ìjọba tó ń béèrè amọ̀ ìbolé. Ọdún mẹ́ta ló lò. Bí a bá fi ojú oníṣòwò wò ó, ọdún mẹ́ta òfò ni, nítorí ìkòkò tó fọ́ pọ̀, amọ̀ àti iléru ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì sí èrè gidi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìkòkò dáadáa ka àwọn díẹ̀ tó yè nínú iná Vume mọ́ èyí tó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òwe wa ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ti Cardew gbóná débi pé àìsàn ló gbé e padà sílé ní 1948.

Ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀ sílé tán tí ilẹ̀ Áfíríkà tún fi pè é. Ní 1951, ìjọba amúnisìn Nàìjíríà gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó ń mójú tó iṣẹ́ ìkòkò. Ó rìn kiri kó tó mú ibi tí yóò dó sí, Àbújá ló sì mú. Kó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, Àbújá ìgbà náà kọ́ ni ibi tí Aso Rock wà. Ìlú kékeré kan ni, tó ní ẹ́míà tirẹ̀, ní ẹkùn Niger. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun pinnu ní 1976 láti kọ́ olú-ìlú tuntun, wọ́n gba orúkọ yẹn fún un, ìlú àtijọ́ sì di Suleja. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Suleja, tí ẹ ń bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ jà láràárọ̀ kí ẹ tó dé ibi iṣẹ́, ẹ̀yin gan-an lẹ wà ní Àbújá. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará Maitama fojú tín-ín-rín yín.

Ẹ́míà Suleimanu Barau ló wà lórí oyè nígbà náà. Ààfin rẹ̀ ni Cardew ti rí àwọn ìkòkò omi ńlá kan, tí wọ́n fín alángbá, àkéekèé, ọ̀nì àti ẹyẹ sí lára. Obìnrin kan láti Kwali ló mọ wọ́n.

Ó yẹ ká ṣàlàyé iṣẹ́ tí ìjọba ní kó wá ṣe, nítorí àwọn ọmọ wa tó ń fi ike mu omi lónìí lè má mọ ìyàtọ̀. Ìkòkò tí àwọn ìyá wa ń mọ ní Ìpetumodu àti ní Ìlọrin, tí àwọn obìnrin Gbagyi náà ń mọ, ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Wọ́n á to ìkòkò jọ, wọ́n á kó igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á ṣáná sí i. Iná náà kì í pẹ́, ooru rẹ̀ kì í sì í sábà ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Amọ̀ tí wọ́n sun báyìí ṣì ń mu omi. Ìdí nìyẹn tí omi inú àmù fi ń tutù nini nínú ọ̀gbẹlẹ̀ láìsí fíríìjì: omi díẹ̀díẹ̀ ń là jáde lára ìkòkò, atẹ́gùn ń gbé e lọ, ó sì ń mú ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí kan náà ni ìṣaasùn ọbẹ̀ fi ń gba iná láìbẹ́. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ aláìlajú ni, kó lọ mu omi àmù nínú oṣù kẹta.

Èyí tí Cardew gbé wá yàtọ̀. Ó kọ́ iléru tí wọ́n ń fi igi dá, tí ooru rẹ̀ ń dé nǹkan bí 1,300. Nínú iná tó le tó bẹ́ẹ̀, amọ̀ á di bí òkúta, omi kò ní là á kọjá mọ́. Òkúta àti eérú igi tó wà lágbègbè náà ni wọ́n ń gún tí wọ́n ń kù, tí wọ́n ń pò bí òdà. Wọ́n á da òdà yìí sára ìkòkò tàbí kí wọ́n rẹ ìkòkò sínú rẹ̀, iná á wá yọ́ ọ títí yóò fi máa dán bíi gíláàsì. Kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò náà wà níbẹ̀, irú èyí tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Jeremáyà ṣùgbọ́n tí àwọn ìyá wa kò nílò. Ní 1952 ni iṣẹ́ gbéra ní ẹbu náà.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ẹ wo nǹkan! Láàárín àwọn Gbagyi, obìnrin ló ń mọ ìkòkò. Àwa náà mọ̀ ọ́n ní iṣẹ́ obìnrin, Ìyá Màpó ni àwọn baba ńlá wa fi ṣe òrìṣà àwọn amọ̀kòkò, wọn kò fi ọkùnrin ṣe é. Síbẹ̀ ọkùnrin ni ìjọba kó jọ láti kọ́, torí pé kẹ̀kẹ́ àti owó oṣù jọ iṣẹ́ ọkùnrin lójú wọn. Ọdún méjì kọjá kí obìnrin àkọ́kọ́ tó wọlé. Ní 1954, Ladi Kwali dé.

Nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá kan nínú ẹbí rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ láti kékeré, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn kí òyìnbó kankan tó mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá fẹ́ mọ ìkòkò ńlá, kì í jókòó ti kẹ̀kẹ́. Á fi ìkúùkù lu odidi amọ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi jin, á fa ara rẹ̀ sókè, á wá máa yí amọ̀ gbọọrọ bí okùn, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí rẹ̀ ní ìpele ìpele. Ìkòkò kì í yí. Òun ló ń yí ìkòkò po, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Bó bá parí, ìkòkò náà á rí rogodo bí ẹni pé ẹ̀rọ ló mọ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò fín àwọn alángbá àti àkéekèé rẹ̀ sí i lára.

Kò sí nǹkan tí Cardew lè kọ́ ọ nínú ìyẹn. Òun tó lọ sí Oxford, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leach, kò lè fi ọwọ́ lásán mọ irú rẹ̀. Ohun tó fi kún un ni òdà dídán àti iléru. Ladi náà kọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì ń fi mọ àwọn ohun kéékèèké, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gba ìkòkò ńlá lọ́wọ́ òun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, a sì gbọ́dọ̀ yin Cardew fún èyí, pé ó ní ojú láti rí i pé ẹni tí wọ́n ní òun wá kọ́ ti mọ iṣẹ́ ju òun lọ ní apá kan. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà ni kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn tẹ̀ lé Ladi wọlé: Halima Audu, Asibi Ido, Kande Ushafa, Lami Toto.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́. Ní Alajo, kò ráyè ṣiṣẹ́ ọwọ́. Ní Àbújá, òun náà wà nídìí kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ìkòkò tirẹ̀ ń wọ iléru kan náà pẹ̀lú tiwọn, àmì MC lára tirẹ̀, àmì LK lára ti Ladi. Ó mọ àga amọ̀. Ó mọ ìgò omi tí ìdérí rẹ̀ ń yí wọlé bíi ti ìgò oògùn. Ó mọ ìkòkò oúnjẹ olómorí kan tí ìrísí rẹ̀ wá láti inú ìkòkò àwọn ará ibẹ̀, tí àwọn tó ń kó ìkòkò jọ ní Ìlú Ọba sì ń fi orúkọ Gwari pè títí dòní. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tún di ọmọ iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára ju ti ìgbà èwe rẹ̀ lọ, lójú tiwa. Ó dúró kọjá òmìnira, títí di 1965.

Ẹnì kan wà tó san owó ayọ̀ yìí. Mariel wà ní Ìlú Ọba ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òun ló tọ́ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn, Cornelius, di olórin tó lókìkí. Ìgbà ìsinmi nìkan ni bàbá wọn ń yọjú. Àwọn ìwé tó ń yin Cardew kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwa tí ọ̀pọ̀ wa fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo wá jẹun níhìn-ín mọ bó ti ń rí.

Ohun mìíràn tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Cardew tó fẹ́ kí mẹ̀kúnnù máa fi ìkòkò òun jẹun, àwọn òyìnbó àti ọlọ́lá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra ìkòkò Àbújá. Ní 1958, wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Berkeley Galleries ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tún pàtẹ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìkòkò omi Ladi tí wọ́n fi òdà dídán bò kò tún mú omi tutù mọ́, orí pẹpẹ ló ń lọ. Ní àkókò kan náà, abọ́ onítánganran àti ike ń lé ìkòkò àwọn ìyá kúrò lọ́jà. Ẹbu ìjọba kò dá èyí dúró, a ò sì rò pé ó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹbu náà, ta ni ìbá gbọ́ nípa Ladi kọjá ọjà Kwali? Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí apá kan.

Ladi lọ sí Ìlú Ọba láti fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn amọ̀kòkò níbẹ̀, ọba wọn sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ní 1972, òun, Cardew, àti Kofi Athey, ọmọ Gold Coast tó ti bá Cardew ṣiṣẹ́ láti ìgbà Vume, jọ rin ìrìn àjò yí Amẹ́ríkà ká. Kò lọ sí ilé ìwé òyìnbó, ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì ń pa kẹ́kẹ́. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977. Cardew kú ní oṣù kejì 1983, Ladi sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ 1984.

Lẹ́yìn Cardew, Michael O'Brien, òyìnbó bíi tirẹ̀, ló gba ẹbu náà, kó tó di pé ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọmọbìnrin kan láti Kenya, Magdalene Odundo, wá síbẹ̀ ní 1974 nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba. Ọ̀dọ̀ Ladi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò láìlo kẹ̀kẹ́. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níkẹyìn, ó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, síbẹ̀ kò gbé amọ̀ sílẹ̀. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi í joyè Dame ní 2020, ìkòkò rẹ̀ sì wà lára èyí tó wọ́n jù lágbàáyé. Suleja wa yìí ló ti kọ́ ọ, ẹ̀yin ará wa. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín ló ti wọ ọgbà náà rí?

Ẹbu náà ń jẹ́ orúkọ Dókítà Ladi Kwali báyìí. Àwọn ìwé ìròyìn ti pariwo lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé wọ́n ti pa á tì. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìkòkò tó jáde níbẹ̀ ní ìgbà dáadáa rẹ̀ lè rí i ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dára fún ẹni tó bá ní físà. Ó dùn wá pé ó rí bẹ́ẹ̀, a sì gbà pé ẹgbẹ́ tó bá lè náwó aṣọ ẹbí lọ́dọọdún lè háyà bọ́ọ̀sì kan láti kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà náà, tàbí sí Ushafa ní apá Bwari, níbi tí iṣẹ́ náà tàn dé, abúlé kan náà tí ààrẹ Amẹ́ríkà, Bill Clinton, ṣe àbẹ̀wò sí ní 2000. Ẹ̀yin tíṣà tó bá máa kó wọn lọ, pàápàá ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa ka iye orí ọmọ. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kí ẹ sì béèrè amọ̀ díẹ̀ fún ara yín.